Ẹ Bi Ilẹ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ

Bí a ṣe ń gbẹ́ bóhòòlù ní Rẹ́mọ kò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ títa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á dun àwọn kan, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń lọ. Onílé á fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta tọ́jú owó. Á pe àwọn tó ní ẹ̀rọ. Wọ́n á dé, wọ́n á wo àgbàlá yíká, wọ́n á tọ́ka sí igun kan lẹ́yìn ilé: "Alhaji, ibí yìí dáa. Mọ́tò wa á lè wọlé síbẹ̀." Ẹ gbọ́ ná. Ibi tí mọ́tò lè dé ni wọ́n fi mọ ibi tí omi wà! Bí wọ́n bá rí omi, a dúpẹ́. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á ní ilẹ̀ yẹn le, kí onílé fowó kún owó kí àwọn lè jìn sí i. Bí ihò náà bá wá gbẹ pátápátá, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé á tún gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á máa dúró de mẹ́ruwà.

Nínú òkun tí kò jìnnà sí wa, kò sẹ́ni tó ń dán irú ìyẹn wò. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì mọ̀ pé kànga kan ṣoṣo nínú omi jíjìn lè gba mílíọ̀nù 50 dọ́là, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọn kì í ti irin bọ ilẹ̀ òkun láìjẹ́ pé wọ́n ti bi í léèrè. Wọ́n á fi ìró bi í, wọ́n á fetí sí gbohùngbohùn tó bá padà wá. Wọ́n tún lè fi iná mànàmáná bi í. Èyí tí wọ́n ń fi iná bi yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí pé irú ìbéèrè kan náà ló yẹ kí onílé Ṣágámù bi ilẹ̀ tirẹ̀, tí kì í bi í.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Epo àti gáàsì kì í jẹ́ kó kọjá. Iyanrìn tó ti di òkúta lábẹ́ òkun ní àwọn ihò wínníwínní láàárín hóró kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ omi iyọ̀ ló kún inú àwọn ihò yẹn, iná á gbabẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ epo ni, iná á bá ìdènà pàdé. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò ju ìyẹn lọ: báwo ni ilẹ̀ yìí ṣe ń dínà fún iná tó? Ohm-mítà ni wọ́n fi ń kà á. Ti omi òkun fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.3 lọ. Ti iyanrìn tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 1 sí 2. Èyí tí epo kún inú rẹ̀ lè fò sókè dé 10, dé 50, kó tún kọjá 100. Ẹ̀yin náà rí i pé ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Láti wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ ojú omi kan á kọ́kọ́ ju àwọn ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọnkéré tó ń fà á lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà á máa wọ́ waya gígùn kan kiri, waya tó lè tó 300 mítà, ní nǹkan bí 30 mítà sókè ilẹ̀ òkun. Iná tó ń gba inú waya yìí lè tó 1,000 ampere. Èyí tó ń wọ inú fóònù yín láti ara ṣájà kì í sábà ju 1 sí 3 lọ. Iná náà máa ń yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, torí pé iná tó bá ń yára yí padà kì í wọlẹ̀ jìnnà. Omi òkun á ti pa á kó tó débẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ á máa kọ ohun tó kan wọ́n lára sílẹ̀, ti iná àti ti òòfà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á já kúrò lára kọnkéré wọn, wọ́n á léfòó, ọkọ̀ á sì ṣà wọ́n.

Etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán èyí wò fún epo. Ní ọdún 2000, níwájú Àǹgólà, ilé iṣẹ́ Statoil ti orílẹ̀-èdè Norway gbé ẹ̀rọ lọ sórí ibi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé epo wà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná á rí i. Iná rí i. Nígbà tó di 2002, wọ́n dá ilé iṣẹ́ EMGS sílẹ̀ ní Norway láti máa fi ìmọ̀ náà ṣòwò káàkiri ayé. Ẹ fi ọkàn sí ohun tí wọ́n ṣe yẹn. Ibi tí ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti dán ìbéèrè wọn wò, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọn ò mọ̀. Irú sùúrù yẹn ni mò ń wá nínú bí a ṣe ń wá omi ní Rẹ́mọ, tí mi ò rí.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan Ìkẹ́nnẹ́ nínú ọ̀rọ̀ òkun? Ó kàn án gan-an. Ṣágámù àti ọ̀pọ̀ ìlú Rẹ́mọ jókòó lórí agbada ilẹ̀ ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dahomey Basin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Gáná, ó gba Tógò àti Benin kọjá, ó sì wọ Èkó, Ògùn àti Oǹdó. Ìpele-ìpele ni ilẹ̀ náà, bí ẹní tí a tẹ́ lérí ara wọn, ó sì ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú òkun. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ńtì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹní náà; orúkọ Ewékorò ni wọ́n fi pe ìpele yẹn. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn iyanrìn àtijọ́ kan wà, tí wọ́n fi orúkọ Abẹ́òkúta pè. Nínú àgbada kan náà, irú iyanrìn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé epo Ajé pamọ́ sínú òkun níwájú Àgbádárìgì. Yinka Folawiyo Petroleum rí epo náà ní 1996, èyí àkọ́kọ́ sì jáde ní 2016, Èkó wá di ìpínlẹ̀ tó ń wa epo. Ẹ rí i bí? Iyanrìn tó gbé epo lọ́hùn-ún, ìbátan iyanrìn tó ń gbé omi fún wa níhìn-ín ni. Wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ti òkun. Ti ilé wa, a kàn ń gún un.

Wọ́n ti fojú lásán wá epo nílẹ̀ yìí rí o. Láàárín 1908 sí 1914, Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ju kànga mẹ́wàá lọ ní ìhà tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, lọ́nà Òkìtìpupa. Ohun tí ojú wọn rí lórí ilẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ogun Àgbáyé Kìíní bá wọn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù wọn láìrí epo tó tó tà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Àwọn elépo ti kọ́gbọ́n. Àwa tó ń wá omi ṣì wà ní 1908.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé orí ilẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wọ òkun. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń fi iná wo inú ilẹ̀ láti 1912. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ọ̀nà tí àwọn jiọ́lọ́jíìsì wa ń lò títí dòní, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Àpótí kan tí kò tóbi ju báàgì ìrìn-àjò lọ, bátìrì, waya, òòlù, àti ọ̀pá irin mẹ́rin: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gún ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan tó tọ́. Méjì tó wà ní ìta á ti iná wọlẹ̀, méjì tó wà láàárín á wọ̀n bó ṣe rí. Wọ́n á tún fa ti ìta jìnnà síra, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra tó ni iná ń wọlẹ̀ jìn tó. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n á ti lè sọ fún onílé pé: amọ̀ ló wà lókè, iyanrìn tẹ̀ lé e, òkúta sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ rẹ̀, iyanrìn mìíràn tún wà nísàlẹ̀ tó ṣeé ṣe kó ní omi.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun tí ẹ lè fi dá onírọ́ mọ̀. Bí ẹnì kan bá na waya tí kò ju 40 mítà lọ, tó wá ní òun rí omi ní 100 mítà nísàlẹ̀, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, ẹ má fún un lówó. Láti fojú kan nǹkan tó wà ní 100 mítà, waya náà ní láti nà tó 300 tàbí 400 mítà láti ìkángun kan dé èkejì, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àgbàlá yín ò lè gba ìyẹn, àmọ́ ọ̀nà tó gba iwájú ilé kọjá lè gbà á. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún wò ó bóyá páìpù irin, fẹ́ǹsì onírin tàbí waya NEPA wà nítòsí, torí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń da iná rú. Ẹni tí kò bi yín nípa wọn kò wá ṣiṣẹ́.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Àkọ́kọ́ ni pé ó wọ́n. Ó wọ́n ju kí ni? Owó tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò kéré púpọ̀ sí owó tí wọ́n ń fi gbẹ́ ilẹ̀. Ihò gbígbẹ kan ṣoṣo ló wọ́n. Onílé tó ra táìlì olówó ńlá sí pálọ̀, tó wá ń ṣahun lórí ìbéèrè kan tó lè gba gbogbo owó kànga rẹ̀ là, kì í ṣe owó ló ń ṣe é.

Èkejì ni pé bàbá kan wà ládùúgbò tó ń fi ọ̀pá wá omi, kì í sì í kùnà. Mi ò bú bàbá. Àmọ́ ẹ bá mi bi í: mélòó ló ti tọ́ka sí, mélòó ló rí omi, mélòó ló gbẹ? Ẹni tí kò ka èyí tó kùnà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dà bíi pé ó jẹ fún un. Ó tún kù. Ní ìhà Ṣágámù tí ilẹ̀ ti jẹ́ ìpele-ìpele, omi wà lábẹ́ ibi tó pọ̀. Ẹni tó dijú ju òkò pàápàá lè jàre. Pé omi wà níbẹ̀ kọ́ ni ìbéèrè. Báwo ló ṣe jìn tó? Kí ló bò ó lórí, tí ìdọ̀tí ṣalángá ò fi ní wọ inú rẹ̀? Ibo gan-an ni ká ki páìpù oníhò sí kó má bàa jẹ́ amọ̀ ló máa fà? Ọ̀pá bàbá ò dáhùn ìwọ̀nyẹn. Bí ẹ bá sì gba àríwá lọ sí ìhà Àgọ́-Ìwòyè, tí òkúta líle ti gba ilẹ̀, inú ibi tí òkúta ti sán nìkan ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó fojú fọ́ gbẹ́ ibẹ̀ ń wá wàhálà ni.

Àwọn kan á ní àdúrà làwọn fi ń gbẹ́ tàwọn. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ẹ gbà á lórí iṣẹ́ ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò.

Ẹ̀kẹta ló ní láárí, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: àwọn jiọ́lọ́jíìsì náà máa ń ṣì í. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ epo, kò mọ omi. Ìdènà nìkan ló mọ̀. Òkúta sìmẹ́ńtì máa ń dínà fún iná. Iyanrìn gbígbẹ ń dínà. Òkúta líle ń dínà. Amọ̀ ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná kọjá, ẹni tí kò gbọ́n á sì rò pé omi ni. Àwọn elépo náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Àpáta tó tutù láti inú iná ilẹ̀ àti iyọ̀ líle tó wà lábẹ́ òkun máa ń dínà fún iná bí epo ṣe ń dínà, wọ́n sì lè tan èèyàn jẹ. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ṣé wọ́n da ẹ̀rọ nù, wọ́n padà sí fífi ojú gbẹ́lẹ̀? Rárá. Wọ́n fi ìdáhùn iná wé ìdáhùn ìró, wọ́n tún fi méjèèjì wé ohun tó jáde nínú àwọn kànga tí wọ́n ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan.

Ibẹ̀ gan-an ni àwa ti ń da ọrọ̀ nù. Gbogbo ihò tí wọ́n bá gbẹ́ ní Ṣágámù, ní Ìpẹru, ní Ìlíṣàn, ní Ìsarà, ìwé kan ni. Bí irin bá ṣe ń wọlẹ̀, ilẹ̀ tó ń jáde ń sọ ohun tó wà níbẹ̀: mítà mélòó amọ̀, mítà mélòó iyanrìn, ìgbà wo ni omi kọ́kọ́ yọ. Nàìjíríà ní ìlànà fún gbígbẹ́ kànga, tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Ta ló fi ìwé kankan lé onílé lọ́wọ́? Wọ́n á da ẹrẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ. Nígbà tí aládùúgbò bá fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bíi pé ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ rí ni. Ìlú tó ń gbàgbé ohun tó ti sanwó kọ́ kò ní yé san owó ilé ẹ̀kọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹ rántí pé Mosímí, ibi tí wọ́n ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ sí, Rẹ́mọ ló wà. Páìpù tó ń gbé epo wá síbẹ̀ láti Atlas Cove ní Èkó wà nínú ilẹ̀, èyí tó ń gbé e lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin náà wà nínú ilẹ̀. Ní 15 May 2008, ní Ìjẹ̀gun, Èkó, katakata tó ń ṣe ọ̀nà gbá páìpù epo, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, tó ń fi òòfà àti iná wá irin nínú ilẹ̀, lè fi ibi tí páìpù gbà hàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin síbẹ̀. Ọmọ ìyá ẹ̀rọ inú òkun ni. Ní Bárúwà, lọ́nà Ìpájà, epo ló ń jáde pẹ̀lú omi nínú kànga àwọn aráàlú. Ẹni tó ń gbé nítòsí ọ̀nà páìpù, tó wá ń gbẹ́lẹ̀ láìbéèrè, kò mọ ohun tó lè kàn.

Ìjọba ńkọ́? Òfin ilé iṣẹ́ epo ti 2021 ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè epo àti gáàsì NNPC sọ́tọ̀ fún wíwá epo ní àwọn ibi tí wọn ò tíì rí i dáadáa. Dahomey Basin wà lára àwọn ibi yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òfin pèsè owó láti bi ilẹ̀ tiwa léèrè bóyá ó ní epo. Ta ló pèsè ìdá kan péré láti bi í bóyá ó ní omi? Dípò ìyẹn, pátákó la máa ń rí: iṣẹ́ àkànṣe Họnọ́rébù Báyìí, bóhòòlù oní-sólà, táǹkì aláwọ̀ búlúù, fọ́tò rẹ̀rìn-ín rẹ̀rìn-ín. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ táǹkì. Bí ẹ bá béèrè ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n á wò yín bíi pé ẹ bú ìyá wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ ò ṣòro. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ má ṣe san owó bóhòòlù kankan láìrí ìwé àyẹ̀wò tí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG bu ọwọ́ lù. Kí wọ́n máa gba àkọsílẹ̀ gbogbo ihò, èyí tó lómi àti èyí tó gbẹ, kí wọ́n gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù wò ó. Àwọn yunifásítì tó ń rán ọmọ jáde pẹ̀lú ọ̀pá irin mẹ́rin lọ́dọọdún, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí ìlú tí wọ́n ti ṣe é, kó má jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka wọn ni yóò kú sí. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, tí bàbá tàbí àǹtí yín ń palẹ̀ mọ́ láti gbẹ́ kànga, bá wọn sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde lápò.

Wọ́n á ní ẹ ti ń béèrè jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ yìí ni Tai Ṣólàrìn dá Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ò gba ohunkóhun mì láìbéèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn àgbà wa ló sọ ọ́, kì í ṣe Norway. Lọ́jọ́ tí mọ́tò àwọn agbẹ́lẹ̀ bá dé ẹnu géètì yín, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fún wọn lómi mu bó bá wà, kí ẹ sì béèrè kí wọ́n tó sọ irin kalẹ̀: ìwé àyẹ̀wò dà?